Ọkọ̀ Tí Ìyá Onítìmùtìmù Fi Ń Wọn Àga

Ọkọ̀ tuntun náà tún ti bẹ̀rẹ̀. Pìn, pìn, pìn. Ìyá Onítìmùtìmù jókòó sínú rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó di sítíárì mú bí ẹni tó di etí kànga mú, kò sì mọ ohun tó ṣe tí ọkọ̀ náà fi ń bá a wí. Ó ti de bẹ́líìtì. Ó ti ti ilẹ̀kùn. Ó bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni. Àpò ìṣó rẹ̀ nìkan ló gbé sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Gbé àpò yẹn sílẹ̀!" Ọkọ rẹ̀ ló kígbe bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tó fara ti ti ìyàwó rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ni. Abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà kan tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀ sì yọjú lẹ́yìn rẹ̀ láti wòran. "Ọkọ̀ olóye ni. Ó rò pé èrò lo gbé, ó ní kí èrò náà de bẹ́líìtì."

"Ẹ bá mi sọ fún un pé ìṣó ni."

"Sọ fún un fúnra ẹ. Ìwọ lo ni ín."

Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín títí tí ọṣẹ fi kán sí i lójú. Ìyá Onítìmùtìmù ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpò náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ariwo náà dákẹ́, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e wá burú ju ariwo náà lọ. Ṣé ọkọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ ni, àbí ó ti kú? Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, ọkọ̀ sì fò síwájú bí ajá tí wọ́n tú sílẹ̀. Ó kígbe. Ó tẹ bíréèkì. Àpò ìṣó dojú dé, ìṣó sì tú kálẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà ni, kì í sì í fi í pamọ́. Ajá ń bà á lẹ́rù. Fóònù tó bá dún lójijì ń bà á lẹ́rù, àti ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra rẹ̀, àti ẹni tó bá wọ kóòtù tó béèrè orúkọ rẹ̀. Ilé ìwé tó lọ ò pọ̀. Bí ó bá ń ka nǹkan, ó máa ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn kó má baà sá lọ. Bí èèyàn bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, ọwọ́ onítọ̀hún ló máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀, kó tó wá ohun tó máa fi dáhùn. Nígbà míì, kí ó tó rí i, onítọ̀hún á ti lọ.

Ṣùgbọ́n nínú Pẹ̀lẹ́, ẹ̀rù kankan ò bà á rí.

Pẹ̀lẹ́ lorúkọ ọkọ̀ àtijọ́. Òun kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ni, nítorí bí ó bá ti ń bọ̀ lójú títì, tí èéfín ń rú, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì ń lu ara wọn, gbogbo ẹni tó bá pàdé rẹ̀ ló máa ń kí i pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" bí ìgbà tí wọ́n ń kí ẹni tó ru ẹrù tó wúwo jù ú lọ. Bọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yọ gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ dànù kó lè máa gbé àga. Gbogbo ohun tó bá ń ṣe é ló máa ń sọ. Bí omi bá fẹ́ tán nínú rẹ̀, á máa fọn fèrè. Bí jíà kò bá wọlé dáadáa, á kérora. Bí ẹnì kan bá wà lẹ́yìn rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á yí bí wọ́n ṣe ń lu ara wọn padà, Ìyá Onítìmùtìmù á sì gbọ́. Ẹni tó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ báyìí, báwo ló ṣe máa bà ọ́ lẹ́rù?

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un nígbà tí wọ́n ń kú lọ. Obìnrin gíga kan ni wọ́n, tí ìṣó kì í kúrò lẹ́nu wọn. Bí oníbàárà aláriwo bá dé, ọ̀gá á kàn máa wò ó, ìṣó á máa yọ láàárín ètè wọn, títí tí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu onítọ̀hún. Ọ̀gá yìí ò gba téèpù ìwọ̀n gbọ́. Wọ́n ní téèpù kì í wọ ilé ẹnikẹ́ni, àga ló ń wọlé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti kan egungun àga tán, kí wọ́n tó na aṣọ bò ó, wọ́n á fi okùn so fóòmù mọ́ ọn lára, wọ́n á sì gbé e sẹ́yìn Pẹ̀lẹ́. Bí ó bá kọjá láàárín ibi tí irin ti bo táyà ẹ̀yìn, láìfi ara kan ọ̀tún tàbí òsì, tí ó sì yí po nínú ọkọ̀ náà láìgbé e sókè, kò sí ẹnu ọ̀nà tí kò ní í wọ̀ nílùú. Bí ó bá há, wọ́n á gé igi kù. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Onítìmùtìmù ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ àkọ́bí wà lẹ́yìn rẹ̀ títí tí ọmọ náà fi lọ ilé ọkọ. Àga rẹ̀ kankan ò há sẹ́nu ọ̀nà rí.

Òjò ló ba nǹkan jẹ́. Pẹ̀lẹ́ kú lórí afárá nínú òjò ńlá, ọkọ rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ láti tì í. Bàtà tuntun ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń ti ọkọ̀, àwọn onímọ́tò tó wà lẹ́yìn ń fi fèrè bú u, nígbà tó sì gbé ẹsẹ̀ sókè, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà kọ̀, kò bá a gòkè. Ó fi ẹsẹ̀ kan wọ bàtà délé. Ó búra lọ́jọ́ náà pé bóun bá tún ti ọkọ̀ yẹn, kí wọ́n má pe òun lọ́kùnrin mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí ti ṣiṣẹ́ wọ́dà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n títí tó fi fẹ̀yìn tì, Ẹ̀gbọ́n Wọ́dà ni gbogbo ẹbí sì ń pè é. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ fáwọn ẹlẹ́wọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ̀rọ̀ fún àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ tí ẹ̀rù ológbò ń bà," ló wí, "inú agolo lo jókòó sí lójú títì! Wá ra ọkọ̀ tó láyọ̀lé. Ọkọ̀ tí ò ní í kú. Tó ní atẹ́gùn tútù. O gbọ́?"

Ìyá Onítìmùtìmù wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti fi í lé ìbàdí. Ó fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ohun tí orí rẹ̀ máa ń ṣe nìyẹn bí ẹ̀rù bá bà á. Kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó ń wá nígbà náà. Orí tó mì yẹn ni wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, òun náà ni wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀. Onítọ̀hún gba Pẹ̀lẹ́ mọ́ ohun tí wọ́n san. Ìka kan péré ló fi kàn án, bí ẹni tó ń yẹ ìkòkò wò bóyá ó ṣì gbóná. Nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ lọ, okùn tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Ìyá Onítìmùtìmù he é. Ó ká a, ó fi í sápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Látìgbà náà, ibẹ̀ ló wà.

Ọkọ̀ tuntun náà dára. Ìyá Onítìmùtìmù ò purọ́ mọ́ ọn. Kò mu epo púpọ̀, òjò kì í wọ inú rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ń kí wọn kú oríire. Àmọ́ ìdí rẹ̀, níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, kéré bí ìdí ife. Àga ìjókòó ẹnì kan ṣoṣo ò gbà síbẹ̀.

Àga gígùn kan wà nílẹ̀ láti kàn fún dókítà eyín, èyí tí àwọn aláìsàn á máa jókòó sí bí wọ́n bá ń dúró. Ìyá Onítìmùtìmù kan egungun rẹ̀ tán, ó sì dúró tì í, kò mọ ibi tó máa gbé e gbà.

"Téèpù ló kù," ọkọ rẹ̀ wí. "Gbogbo ayé ló ń fi téèpù wọn nǹkan. Lọ wọn ẹnu ọ̀nà dókítà, kó o wá wọn àga ẹ. Kí ló le níbẹ̀?"

Ó wọn ẹnu ọ̀nà. Ó wọn egungun àga. Ẹnu ọ̀nà fẹ̀ jù ú lọ, ààyè ṣì ṣẹ́ kù. Ó tún un wọ̀n, ó fi ìka tọ nọ́ńbà náà lẹ́yìn. Òótọ́ ni. Ó na fóòmù bò ó, ó rán aṣọ aláwọ̀ ewé sí i lára, ó fi ìṣó olórí roboto ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́ yí ká. Àga náà rẹwà débi pé oníbàárà orí fífá kan ní kí wọ́n jẹ́ kóun jókòó lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ọkọ̀ tuntun ò lè gbé e. Àwọn alábàárù méjì ló fi ọmọlanke tì í lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìyá Onítìmùtìmù ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ́pẹ́pẹ́ nínú ọkọ̀ olóye, iná rẹ̀ méjèèjì ń ṣẹ́jú bí ẹni tí nǹkan bọ́ sí lójú. Ó ti tẹ nǹkan kan tí kò yẹ kó tẹ̀, kò sì rí ibi tó ti máa pa á.

Fóòmù ló gbàgbé. Téèpù ti wọn igi, kò wọn fóòmù. Kò sì wọn irin tí wọ́n ń fà ṣí ilẹ̀kùn, tó yọ sínú ẹnu ọ̀nà bí ìgbọ̀nwọ́. Bí wọ́n ti ti àga náà dé ìdajì, ó há. Wọ́n tì í, kò lọ. Wọ́n fà á, kò bọ̀. Alábàárù kan ní kí wọ́n fi èjìká gbá a. Wọ́n gbá a, ó wá há ṣinṣin, bí ìdérí sẹ́nu ìgò.

"Màmá," alábàárù kejì wí, "ó jọ pé àga yín ti gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn o."

Láti inú lọ́hùn-ún, obìnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ọsàn ń fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn àga. "Ẹ jẹ́ n jáde! Wọ́n ti yọ ọ́ tán! Kí lẹ tún fẹ́ yọ?" Àwọn tó wà níta náà ń ké pé àwọn fẹ́ wọlé, eyín ń ro wọ́n. Dókítà eyín fúnra rẹ̀ yọ orí sókè àga náà, ìbòmú ṣì wà lágbọ̀n rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ò wọ̀n ọ́n ni?"

Ìyá Onítìmùtìmù wo ọwọ́ dókítà. Ọwọ́ náà mọ́, ó funfun nínú ìbọ̀wọ́. Ó wá ọ̀rọ̀ títí. "Mo wọ̀n ọ́n," ló wí níkẹyìn.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú àlùmọ́gàjí, tó gé aṣọ aláwọ̀ ewé náà láti òkè délẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, tó sì ń fa fóòmù jáde ní wúruwùru kí àga náà lè tẹ́ẹ́rẹ́. Obìnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ọsàn ló kọ́kọ́ já sóde, fóòmù lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Dókítà ní òun ò bínú, ṣùgbọ́n bí àga ò bá wọlé kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, òun á pe ẹlòmíì. Kò pariwo. Ìyẹn ló dun Ìyá Onítìmùtìmù jù.

Ó wọ ọkọ̀ tuntun. Ó gbé àlùmọ́gàjí sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pìn, pìn, pìn.

"Dákẹ́!" ló wí.

Kò tíì pariwo mọ́ nǹkan kan báyìí rí láyé rẹ̀. Ó bẹ̀rù ohùn ara rẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó ń retí bóyá ẹnì kan á wá bá a wí. Kò sẹ́ni tó wá. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ti ọkọ̀ náà pa síbi tó wà, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn délé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí àga tó ti ya náà bí ẹni tó ń tẹ̀ lé aláìsàn.

"Ọkọ̀ dà?" Ọkọ rẹ̀ ló bi í.

"Ó wà lọ́dọ̀ dókítà eyín."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Kí wọ́n bá mi yọ eyín rẹ̀. Ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé kì í ṣe àwàdà. Ó gbé abẹ sílẹ̀. Orí ìyẹn ni wọ́n wà nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Wọ́dà wọlé. Ó ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ àga tó di ilẹ̀kùn ti ṣáájú ọmọlanke dé àdúgbò.

"Mi ò wà á mọ́," Ìyá Onítìmùtìmù wí. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò, ó di okùn mú. "Mo fẹ́ Pẹ̀lẹ́."

"Wò ó, ìyàwó mi," ọkọ rẹ̀ wí, "bí kì í bá ṣe pé èmi ni mo fẹ́ ẹ, ǹ bá ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ lọ́dọ̀ dókítà eyín. Pẹ̀lẹ́ wo? Pẹ̀lẹ́ tó jẹ bàtà mi?"

"Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀, Bàbá wọn. Òjò ló jẹ bàtà yín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Ẹ̀gbọ́n Wọ́dà dá sí i, "nítorí kò sí Pẹ̀lẹ́ mọ́. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín ti gbé e fún jórinjórin tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀. Òní ló máa gé e. Irin lásán ló kù. Nítorí náà, nu ojú, kó o lọ gbé ọkọ̀ ẹ."

Ó rò pé òun fi ìyẹn parí ọ̀rọ̀ ni. Ìyá Onítìmùtìmù wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo ti ọkọ rẹ̀. Wọ́n ń retí kí orí rẹ̀ mì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mì í lóòótọ́. Ó kàn yí padà, ó sì jáde. Wọ́n rò pé ó lọ gbé ọkọ̀ tuntun ni. Wọ́n ò tiẹ̀ pè é.

Inú ọgbà jórinjórin náà kún fún irin tó ti dípẹtà. Ajá kan wà níbẹ̀. Ìyá Onítìmùtìmù rí i kó tó wọlé, ó sì wọlé. Ajá náà gbó, ó wò ó, ó rí i pé kò sá, ó padà lọ sùn.

Jórinjórin jókòó sórí ìjókòó ọkọ̀ kan tí fóòmù rẹ̀ ti yọ jáde, ó ń tọ́jú iná tó fi ń gé irin. Ìdí ẹ̀gbẹ́ kan ló fi jókòó, nítorí irin ti yọ ní apá kejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Pẹ̀lẹ́ wà. Wọ́n ti ṣí iwájú rẹ̀, iná iwájú méjèèjì ti lọ, ojú rẹ̀ wá ṣófo bíi ti ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ pé.

"Màmá, kí lẹ ń wá?"

Ìyá Onítìmùtìmù mọ̀ pé bóun bá dúró wá ọ̀rọ̀, òun ò ní í rí i. Ó rìn kọjá lára rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gun inú ọkọ̀, ó sì jókòó sáàárín ibi tí irin ti bo táyà. Ó na ẹsẹ̀.

"Màmá! Ẹ sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ gé e."

"Mo mọ̀."

"Iná ni mo mú lọ́wọ́ yìí o."

"Mo rí i."

Jórinjórin gbé awò dúdú sókè orí, ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa. "Ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ó ń bà mí. Ẹ wo ọwọ́ mi." Ó na án sí i. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n bí ewé. "Ó ń bà mí gan-an. Àmọ́ mi ò sọ̀kalẹ̀."

Jórinjórin ò rí irú èyí rí. Ẹni tó bá ń jà máa ń pariwo, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìyẹn ṣe. Èyí jókòó, ó ń gbọ̀n, kò sì lọ. Ó pa iná. Ó tẹ fóònù, ó pe ẹni tó ta ọkọ̀, ẹni tó ta ọkọ̀ sì pe onígbàjámọ̀ pé kó wá kó ìyàwó rẹ̀ nínú pàǹtírí.

Wọ́n lọ fi kọ́kọ́rọ́ kejì gbé ọkọ̀ tuntun lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n sì gbé e dé. Ọkọ rẹ̀ ló wà á, Ẹ̀gbọ́n Wọ́dà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì de bẹ́líìtì, nítorí náà pìn-pìn-pìn ló kọ́kọ́ wọ ọgbà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ajá dìde, ó sá.

Ẹ̀gbọ́n Wọ́dà dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gbé ohùn iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ jáde. "Bọ́ síta!"

Jórinjórin pàápàá ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mi ò jáde."

"Mo ní bọ́ síta! Ọ̀daràn ńlá ńlá ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún, wọ́n sì jáde!"

"Àwọn yẹn fẹ́ jáde, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ò fẹ́."

Jórinjórin bú sẹ́rìn-ín, ó wá sọ ọ́ di ikọ́. Ẹ̀gbọ́n Wọ́dà yí ojú sí i, ó sì sún kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọkọ rẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó rọ ohùn rẹ̀. "Ìyá wọn, wò mí. Wo iwájú ọkọ̀ yìí. Ẹ́ńjìnnì ò sí nínú ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ti tà á. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti lọ. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ọkọ rẹ̀ sì ti na ọwọ́ láti fà á dìde. Ìyá Onítìmùtìmù fi àtẹ́lẹwọ́ ra irin tó bo táyà lápá ọ̀tún. Ó ra ti òsì. Ibẹ̀ ti ń dán, níbi tí ẹsẹ̀ àga oríṣiríṣi ti ń há látìgbà ayé ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ́ńjìnnì ló máa ń kú lórí afárá," ló wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ò kú rí."

"O ń sọ kí ni?"

"Mo ń sọ pé mo rí ọkọ̀ tó ń rìn, èyí tẹ́ ẹ rà fún mi. Ohun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni mi ò rí. Bí mo bá fẹ́ lọ síbì kan, mo ní ẹsẹ̀. Èyí ni mo fẹ́. Kó má rìn mọ́ láéláé, èyí ni mo fẹ́." Ó sinmi. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. "Mo mi orí fún yín nígbà yẹn. Ẹ̀rù ló mì í, èmi kọ́."

Ó wá kọjú sí jórinjórin. Ó ti ń ṣọ́ ọ látìgbà tó ti wọlé. "Ọ̀gá, irin tó ń gún yín nídìí yẹn, ó ti pẹ́?"

Jórinjórin wo ìjókòó rẹ̀, bíi pé ẹnì kan tú àṣírí rẹ̀. "Ó ti pẹ́, Màmá."

"Ilé yín ńkọ́? Àga ilé yín?"

"Ẹ má wulẹ̀ dé ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ìyàwó mi ń fi bú mi. Àwọn àna mi wá kí wa, aṣọ bàbá ìyàwó mi há mọ́ ìṣó, wọ́n dìde, aṣọ ò dìde."

"Màá tún gbogbo rẹ̀ kàn. Tuntun. Aṣọ tí ìyàwó yín bá mú. Èyí tẹ́ ẹ jókòó lé yìí náà, màá fi fóòmù líle sí i. Ẹ fún mi ní ara ọkọ̀ yìí bó ṣe wà."

Ẹ̀gbọ́n Wọ́dà ní, "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Àmọ́ jórinjórin ti ń wo ìdí ìjókòó rẹ̀, ó sì ti ń wo ọwọ́ obìnrin náà, ọwọ́ tó kún fún àpá ìṣó. Ó ní bí wọ́n bá lè wọ́ ọ kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, òun ò rí i, òun ò gé e, òun á sì bá ẹni tó ta ọkọ̀ yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Kò sí ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ àyàfi ọ̀kan.

"Rárá," ọkọ rẹ̀ wí. "Ọkọ̀ tuntun mi kọ́."

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ pè é ní tiyín, Bàbá wọn. Láti òní lọ, tiyín ni."

Onígbàjámọ̀ wò ó títí. Bóyá ó ń wá obìnrin tó fẹ́, bóyá ó ti rí i. Ó kùn, ó bú ẹni tó ṣe ọkọ̀, ó bú òjò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ olóye ṣe wọ́ Pẹ̀lẹ́ jáde sójú títì. Kò dẹ́kun pìn-pìn fún ìṣẹ́jú kan, ìrù tí wọ́n so mọ́ ọn ò yé e. Ìyá Onítìmùtìmù ló di sítíárì Pẹ̀lẹ́ mú lẹ́yìn, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ kejì sì wà lórí bíréèkì ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n Wọ́dà jókòó tì í. Ó ní òun ò ní í jókòó sínú ariwo, kì í ṣe pé òun gbà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń lu ara wọn. Ìyá Onítìmùtìmù ń gbọ́ wọn, ó sì mọ bí ọ̀nà ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀ láìwo dígí.

Lórí afárá, àwọn onímọ́tò tún fi fèrè bú wọn. Ọkọ rẹ̀ yọ orí síta, ó bú wọn padà. Bí wọ́n ṣe wọ àdúgbò, ẹnì kan rí wọn lójú fèrèsé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o!"

"A dúpẹ́ o!" Ìyá Onítìmùtìmù ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ròkè.

"Ìtìjú yìí pọ̀," ọkọ rẹ̀ wí nígbà tí wọ́n tú irin sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. "Gbogbo oníbàárà mi ló rí mi."

"Wọ́n á rí ohun tí wọ́n á máa sọ bẹ́ ẹ bá ń fá wọn lórí. Iṣẹ́ yín á tà."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tú gbogbo aṣọ ara àga dókítà kúrò, ó so fóòmù mọ́ egungun rẹ̀, ó sì ní kí àwọn alábàárù gbé e sẹ́yìn Pẹ̀lẹ́. Ó há. Ó há níbi tó mọ̀ pé ó máa há gan-an, lápá ọ̀tún, sára irin tó ń dán. Ó fi ẹfun sàmì sí igi níbẹ̀. Ó mú ayùn.

Ẹ̀gbọ́n Wọ́dà ti dé, ó dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó débẹ̀, ó hàn lójú wọn. Wọ́n ní wọ́n ti rò ó. Wọ́n ní àyè tí ọkọ̀ yìí gbà níwájú ṣọ́ọ̀bù ti pọ̀ jù, pé bí àga dókítà bá ti wọlé tán, ó yẹ kí jórinjórin wá kó o, kí àwọn aládùúgbò tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tán. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ọkọ rẹ̀ tiẹ̀ fi àwàdà kan sí i.

Ìyá Onítìmùtìmù gé igi náà kù, wọ́n tún gbé e wọ inú Pẹ̀lẹ́, egungun àga náà sì kọjá. Kò fi ara kan ọ̀tún, kò fi kan òsì. Ó yí po. Ìyá Onítìmùtìmù yọ okùn nínú àpò, ó so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ṣíṣí sílẹ̀ kó má baà máa lù, ó sì jókòó sẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ewé tuntun lórí itan. Ó kó ìṣó sẹ́nu.

"Ṣé o gbọ́ ohun tá a wí?" Ẹ̀gbọ́n Wọ́dà bi í. "Kí jórinjórin wá kó o. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó gbójú sókè, ó wò wọ́n. Ìṣó yọ láàárín ètè rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń já díẹ̀, bó ṣe máa ń já. Wọ́n dúró de orí rẹ̀.

Orí náà lọ sí ọ̀tún, ó lọ sí òsì, láìyára, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́. Lẹ́yìn náà ó mú òòlù, ó sì kan ìṣó àkọ́kọ́.